Ohùn Mi Lábẹ́ Omi

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé orí fóònù ni irọ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin mi ń wà mí lọ sí ọsibítù, rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ń jiyàn lórí òfin tí ìjọba fẹ́ ṣe fún àwọn tó ni ojú òpó tí gbogbo ayé ń kó ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀kan ní ẹni tó pa irọ́ ni kí wọ́n mú. Èkejì ní rárá o, ẹni tó ni ibi tí irọ́ gbà kọjá ni kí wọ́n dì mú, torí òun ló ń jẹ èrè ẹ̀. Ọmọ mi ní, "Màmá, kí lẹ rí sí i?" Mo ní kó pa rédíò. Ó rò pé inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe sí rédíò.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yẹn rí, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀, ní Múṣin, ní àgbàlá ilé tí mo ń gbé, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní fóònù ládùúgbò wa. Orí mi ni wọ́n ti ń jà á.

Télọ̀ ni mí nígbà náà. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà: ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, tábìlì ìgéṣọ, àti dígí gbọọrọ kan tí etí ẹ̀ ti fọ́. Tọmọdé tàgbà ló ń pè mí ní Àǹtí Télọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú ti kógbá sílé, ó ti wáṣẹ́ lọ sókè ọya, a kì í sì í rí i ju ìgbà ọdún lọ. Èmi àti ọmọ méjì ló kù: ọkùnrin tí mo ṣì ń pọ̀n, àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ń múra àtiwọ girama. Ọmọbìnrin yẹn, ẹ̀rín ò jìnnà sí i. Kò sí bí mo ṣe lè bá a wí tí kò ní í rẹ́rìn-ín, tí èmi náà ò sì ní í gbàgbé ohun tí mo ń wí.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, aṣọ ilé ìwé ni iṣẹ́ mi. Àwọn ìyá á kó ọmọ wá, ọmọ á tò sẹ́nu ọ̀nà, èmi á máa pè wọ́n wọlé níkọ̀ọ̀kan, màá fi téèpù yí wọn láyà, màá fi na èjìká wọn. Ọmọ kì í dúró jẹ́ẹ́. Torí náà ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́: "Ó yá, wá. Dúró dáadáa. Má mira." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti èyí tó tẹ̀ lé e, pílíwúùdù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Onírẹ́kọ́ọ̀dù ló ni tọ̀hún, ọ̀dọ́mọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí ẹnu ẹ̀ dùn. Ó ń ta àwo orin, àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì ló fi ń jẹun: wàá gbé tìẹ wá, á bá ẹ dà á kọ sórí òmíràn. Ẹ̀rọ ńlá tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló kọ́kọ́ ní. Nígbà tí ètò SAP ìjọba dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́, ohun tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe di ohun tí a ń fi ojú wò lásán. Ó bá dọ́gbọ́n. Ó gbé rédíò elékásẹ́ẹ̀tì méjì síwájú ara wọn, lẹ́nu sí ẹnu, ọ̀kan ń sọ, ọ̀kan ń gbọ́, ó fi ògbólógbòó aṣọ ìró bò wọ́n lórí, á wá yọ orí síta: "Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ń gba ohùn!" Ta ló ń dá a lóhùn? Múṣin ni, kì í ṣe itẹ́ òkú. Ohun tó bá wọ abẹ́ ìró ló ń wọ kásẹ́ẹ̀tì. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wàá gbé orin lọ síbi ìkómọ, orin á dé ibi tó ti dùn jù, ewúrẹ́ onílé wa á sì ké mẹ́ẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀.

Ọ̀yìngbò ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo lọ ra òwú àti síìpù, ọ̀sán gangan, oòrùn ń jó ni. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá, mo sì kàn rí i pé ibì kan nínú ọjà náà dákẹ́. Ọ̀yìngbò kì í dákẹ́. Àwọn èèyàn pé jọ síwájú ìsọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì kan, alábàárù ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Mo bi obìnrin kan léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó fi ìka sí ètè, ó ní, "Obìnrin abẹ́ omi ni."

Ohùn obìnrin kan ló ń jáde látinú àpótí ohùn. Ó ń fa ọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí omi wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní òun ti kú rí. Ó ní abẹ́ omi ni wọ́n mú òun lọ, ìlú ni ibẹ̀, ilé wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó ti wá tàbí ẹni tó gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ ni pé òun gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan.

"Wọ́n ń gba àwọn ọmọdé wọlé níkọ̀ọ̀kan," ohùn náà ní. "Obìnrin kan ló ń gbà wọ́n. Mo rí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún náà sì lọ sílẹ̀, ó kú tán. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí, kò sọ nǹkan kan. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la wá ń gbọ́ nǹkan kan lọ́nà jíjìn, irin tó ń kùn, rírírí, rírírí, ó dúró. Ohùn obìnrin mìíràn dé, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ó yá, wá. Dúró dáadáa. Má mira."

Ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé kí n máa lọ?"

"Dúró ná. Ó kù díẹ̀."

Lẹ́yìn náà, obìnrin tó kú yẹn mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀ tutù," ló wí.

Ohùn ara ẹni ṣàjèjì sí ẹni. Ẹ bi ẹni tó bá gbọ́ tiẹ̀ lórí ẹ̀rọ rí. Èmi ò mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀rín ọmọ mi ni mo mọ̀. Ibikíbi tí ẹ bá ti fi ẹ̀rín yẹn ta mí létí, kódà kí n wà lójú oorun, màá mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ pariwo pé ọmọ mi rèé o, ta ló gbé ọmọ mi débẹ̀, ẹnu mi ò là. Bàbá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mi orí. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yẹn? Kò mọ ibi tó wà."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo bá ọmọ mi níbi tó ti ń fọ abọ́, mo fọwọ́ kàn án lórí, mo kàn án lápá. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ń wá lára mi?" Ó tún rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó ro ó. Rírírí yẹn, ẹ̀rọ mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu mi ló ti jáde. Ọjọ́ tí mo wọn ọmọ mi fún aṣọ girama ni, téèpù kàn án lábẹ́ abíyá, òun ló ṣe rẹ́rìn-ín. Mo wọ ọ̀dọ̀ onírẹ́kọ́ọ̀dù lọ tààrà.

Kò jiyàn. Ó ti mọ̀. Ó ní arákùnrin kan ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá láti Sùúrùlérè, ó ní kí òun dà á kọ sí ọ̀pọ̀, òun sì dà á kọ.

"Ẹ̀rọ lásán ni mo ní, Àǹtí. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ni mò ń dà kọ. Ẹnu mi kọ́ ló sọ ọ́."

"Ẹnu tìẹ kọ́," mo ní. "Ẹnu tèmi ńkọ́?"

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé ariwo ìta ni òun ń tà fún wọn mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ti kógbá sílé nìyẹn. Ó ní Sùúrùlérè ló gbà lọ, ta ló mọ ohùn mi ní Sùúrùlérè tàbí ní Ọ̀yìngbò? Á kú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ló jọ, mo gbà á. Ẹyin lọ̀rọ̀ àbí? Wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irọ́ ni. Èyí balẹ̀, ó dìde, ó ń rìn.

Ohun tó ṣe rèé. Láti ṣọ́ọ̀bù wa, ó lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn tó ní ẹ̀rọ gidi níbẹ̀ fi wáyà dà á kọ, kò sí ariwo kankan tó tún kún un, wọ́n ká ariwo tiwa mọ́ inú ẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń bẹ níbẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Ìlúpéjú, ó dé Ọ̀yìngbò. Ó wá padà sílé. Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbé e wọ àdúgbò, obìnrin tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lódìkejì wa, ẹni tá a jọ ń yá iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀ ní Sùúrùlérè ló ti gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú ìsọ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi ń ránṣọ lọ́wọ́. Mo gbọ́ ẹkún yẹn, mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi sì dúró lórí ẹ̀rọ. Rírírí ti inú kásẹ́ẹ̀tì ń bá a lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ló ń wò mí láti ọ̀hún.

Èmi náà bínú. Mo kọjá títì lọ bá wọn, mo ṣàlàyé: ìró, rédíò méjì, pílíwúùdù. Ọ̀rẹ́ mi ò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ṣọ́ọ̀bù tiwa yìí ni kásẹ́ẹ̀tì yìí ti wá ni? Sùúrùlérè ló ti wá." Mo ní kí wọ́n pe onírẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n pè é. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò rántí. Ọmọ àlè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí, kí ẹ má rò pé orúkọ mi ni mò ń jà fún. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbọ́mọgbọ́mọ nígbà yẹn. Wọn kì í gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Táyà tí wọ́n fi ń sun èèyàn kì í jìnnà ní Múṣin. Bí wọ́n bá sì pa mí, ta ni yóò gba àwọn ọmọ mi? Ta ni yóò gba ọmọ obìnrin abẹ́ omi sílé? Ohun tí mò ń rò nìyẹn tí mo bá ń pọ̀n èyí tó kéré, tí mo ń di irun fún èyí tó dàgbà.

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ tí mi ò tíì rán tán. Ẹnì kan gba ti ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú apá kan ṣoṣo, ó ní òun á wá ẹni tó máa so èkejì mọ́ ọn. Ọmọdé tó bá rí téèpù lọ́rùn mi á gba òdìkejì títì. Mo máa ń fẹ́ kí wọn, mo máa ń rí i pé ìyá wọn ti fà wọ́n mọ́ra kí n tó la ẹnu. Aráyé tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó fún o.

Ilé ìwé ló burú jù. Àwọn ọmọ ò fẹ́ bá ọmọ mi jókòó. Wọ́n ní ohùn tiẹ̀ ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. "Wọ́n ti wọ̀n ọ́n," ni wọ́n ń sọ. "Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó ku kó lọ." Òun fúnra ẹ̀ ló wá sọ fún mi, ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó dúró síwájú dígí mi, ó na ara ẹ̀. "Màmá, ṣé mo gùn tó tàbí kí wọ́n tún mi wọ̀n?" Mo gbá a létí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lù ú lórí ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni mo fà á mọ́ra, tí mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí ọmọ ọ̀rẹ́ mi ò padà láti ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan ni, èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Oòrùn ti ń rọ̀, ìyá ẹ̀ wá a kiri, kò rí i. Mo gbọ́ ariwo ẹ̀ látọ̀nà jíjìn. Mo sì mọ ibi tí ariwo náà ń bọ̀.

Wọ́n kún iwájú ṣọ́ọ̀bù mi títí dé ojú títì. Mo ti ti ọmọ mi sẹ́yìn tábìlì ìgéṣọ, àbúrò ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, mo di sísọ́ọ̀sì mú lọ́wọ́. Ìyá ọmọ náà ń bú, ó ń bẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà: kí n jọ̀ọ́, kí n dá ọmọ òun padà, òun ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ní kí wọ́n wọ inú ilé. Bàbá onílé wa, Àlájì, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò fi wọlé. Káfíńtà ni Àlájì, ó ti fẹ̀yìn tì, òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ó fa onírẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní ọrùn ẹ̀wù. Onírẹ́kọ́ọ̀dù wá jẹ́wọ́ níkẹyìn: abẹ́ ìró òun ni ohùn mi ti wọlé. Ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní mo ti bá a sọ ọ́.

Nígbà yẹn ni orí mi gbóná. "Gbé ẹ̀rọ ẹ jáde," mo ní. "Níṣojú wọn. Ṣe é bó o ṣe ń ṣe é."

Ó gbé rédíò méjèèjì sórí tábìlì mi, lẹ́nu sí ẹnu. Ó fi ìró bò wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi ló fi sínú èyí tó ń sọ, ó fi òfìfo sínú èyí tó ń gbọ́. Ó gbàgbé ara ẹ̀, ó yọ orí síta, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ń gba ohùn." Ẹ wò ó, bí kò bá sí ti ibẹ̀rù, ẹ̀rín ni ǹ bá rín. Ẹnikẹ́ni ò dákẹ́. Ìyá ọmọ ń ké, àwọn yòókù ń pariwo. Nígbà tó ṣe, Àlájì ní ó tó. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tẹ èyí tuntun.

"Wọ́n ń gba àwọn ọmọdé wọlé níkọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ló ń gbà wọ́n. Mo rí i." Ó sunkún, ó dákẹ́. Rírírí. Ohùn mi. Ẹ̀rín ọmọ mi. Lórí gbogbo ẹ̀ ni àwọn yòókù ti ń dé, tí wọ́n ń jìn, tí wọ́n ń bọ̀, bí ẹni tó wà lábẹ́ nǹkan.

"Ọmọ mi dà?"

"Ẹ mú un."

"Ẹ má jẹ́ kó sá lọ."

"Ọmọ mi dà?"

"Ibẹ̀ tutù," obìnrin tó kú náà wí.

Ṣé ẹ ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ara wọn lọ́run rí? Èmi ti rí i. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ọkùnrin tó ní kí wọ́n mú mi fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni tó fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà. Èmi rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣebí ìró lásán ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Mo gbọ́ tí obìnrin kan rọra sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ pé, "Ó ti kó ohùn tiwa náà síbẹ̀."

Ọmọ tí wọ́n ń wá ló yọ láti igun ilé, eruku ti bo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè. Ìyá ẹ̀ gbá a, ó dì mọ́ ọn, ó gbé e lọ. Kò wẹ̀yìn wò mí. Àwọn yòókù tú ká.

Àríyànjiyàn tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni, ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé nínú àgbàlá wa. Wọ́n jiyàn títí ọ̀fun gbẹ. Àwọn kan ní ẹni tó sọ irọ́ lábẹ́ omi ni kí wọ́n wá. Wọ́n á wá a níbo? Onírẹ́kọ́ọ̀dù tún sọ ti ẹ̀rọ lásán àti ẹnu òun kọ́. Àlájì ní, "Ilẹ̀kùn ni o ní. Ẹni tó ni ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wọlé, kó sì mọ ohun tó ń jáde." Wọ́n ṣòfin fún un: á máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá gbé wá kó tó dà á kọ, á sì máa fi àmì ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sára gbogbo èyí tó bá dà kọ, kí kásẹ́ẹ̀tì lè mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì náà kó o wá. Àlájì bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wọn, ṣé kí wọ́n fi orin pa á rẹ́?

"Kí wọ́n sun ún," mo ní. "Kó má ku ẹyọ kan."

Ẹ̀yìnkùlé la ti sun wọ́n. Ike ń yọ́, ó ń rùn, téèpù inú ẹ̀ ń ká kò bí irun tí iná jó. Ọmọ mi dúró tì mí, ó ń wo iná.

"Màmá, ẹ̀rín mi wà nínú ẹ̀ o."

"Ẹ̀rín ẹ wà lẹ́nu ẹ," mo ní.

Ọmọbìnrin mi ò tíì kúrò ní kíláàsì kejì girama tí ibà mú un. A rò pé ibà lásán ni. Ó gun orí lọ, ó ń pe àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti lọ. Aṣọ tí mo fi téèpù wọ̀n ọ́n fún lọ́jọ́ yẹn ṣì bá a mu.

Ọ̀rẹ́ mi wá kí mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sunkún tọkàntọkàn, mo sì mọyì ẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí obìnrin méjì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohùn. "Ṣebí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀." Èmi tí mi ò gbà fún ẹnikẹ́ni, èmi tí mo di sísọ́ọ̀sì mú fún gbogbo àdúgbò, mi ò dìde. Agbára ẹ̀ ò sí.

Mo ní fọ́tò ẹ̀. Fọ́tò ò lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń ki òwú bọ ẹ̀rọ mi, mo ní kí n rántí ẹ̀rín ẹ̀ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò wá. Mo rántí ẹnu ẹ̀, mo rántí eyín ẹ̀ tó yọ síwájú, ohùn ò sí níbẹ̀. Mo jókòó títí oòrùn fi wọlé bá mi, mò ń wá a nínú orí mi.

Mo lọ bá onírẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ti kó lọ sí Yábàá nígbà yẹn, ó ti ní ẹ̀rọ gidi. Nígbà tí mo sọ ohun tí mò ń wá, omi lé sí i lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ní kó má ku ẹyọ kan." Kò ku ẹyọ kan lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo lọ sí Sùúrùlérè, mo béèrè lójúlé sí ojúlé bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù. Wọ́n ní àwọn ti fi orin pa á rẹ́. Ohun tí mo ń gbàdúrà lójoojúmọ́ kó parẹ́ ló ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Wọ́n ní Ọ̀yìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Òótọ́ ni. Ọjà kún dẹ́múdẹ́mú, wọ́n ń fà, wọ́n ń tì, reluwé ń fọn, kò sì sẹ́ni tó béèrè ọmọ mi. Lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni mo ti rí i, ní ìsàlẹ̀ àpótí, ara ẹ̀ ti pọ́n, wọ́n fi bírò kọ Obìnrin Abẹ́ Omi sí i. Ọkùnrin náà wò mí.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ohun burúkú ni èyí."

"Ọmọ mi wà níbẹ̀," mo ní.

Ó ti kúrò níwájú mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Mo wá rántí bàbá tó mi orí lọ́jọ́sí, níbẹ̀ gan-an: kò mọ ibi tó wà. Irọ́ ni gbogbo wọn pa mọ́ mi nígbà yẹn, gbogbo wọn pátá. Ọmọ mi wà ní ilé, ó ń fọ abọ́. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, tó sì sọ pé òkú ni ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí ni màá sọ fún un pé ó pa nírọ́?

Mi ò tíì dá ọmọkùnrin mi lóhùn lórí ti rédíò yẹn, mo mọ̀ pé ó ṣì máa béèrè. Màá sọ fún un pé kí wọ́n ṣe òfin wọn. Ó yẹ. Àwọn tó ni ilẹ̀kùn ń jẹ èrè, wọ́n ń sọ pé ẹnu àwọn kọ́, bẹ́ẹ̀ ni táyà ò jìnnà. Àmọ́ nínú àpótí aṣọ mi, lábẹ́ aṣọ girama kan, kásẹ́ẹ̀tì kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní í kó fún ìjọba kankan. Mo ní rédíò àtijọ́ kan tí mo fi ń gbọ́ ọ. Mo máa ń fi ara da obìnrin yẹn, ìlú ẹ̀, ọjà ẹ̀, ẹkún ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ mi á dún, tí ọmọ mi á rẹ́rìn-ín, tó máa béèrè bóyá kí òun máa lọ. Mo máa ń gbọ́ tí mo ní kó dúró ná, ó kù díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pa á, kí obìnrin yẹn tó sọ pé ibẹ̀ tutù.